Ìṣirò Tí Télọ̀ Ń Bá Ọmọ Rẹ̀ Ṣe

Ọwọ́ télọ̀ yìí yá ju ti ẹnikẹ́ni lọ ládùúgbò. Bó bá ti wo èèyàn látòkè délẹ̀ báyìí, ó ti mọ iye aṣọ tó máa tó o. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yíyá ọ̀hún ló kó bá ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Pẹ́ńpẹ́, tó wà ní kíláàsì kẹta.

Bí Pẹ́ńpẹ́ bá ti ilé ìwé dé, á jókòó ti máṣínì ìyá rẹ̀, á ṣí ìwé ìṣirò, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kò ní í tíì kà á dé ìdajì tí ìyá rẹ̀ á ti nawọ́.

"Gbé e wá jàre. Oníbàárà mi ti ń bọ̀."

Á ṣe é wàrà-wàrà, Pẹ́ńpẹ́ á dà á kọ, tíṣà á sì máa yìn ín. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà bi í pé, "Màámi, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé yíyọ kúrò ni?"

"Ṣé o fẹ́ kí n pa iṣẹ́ tì ni? Ṣáà kọ ọ́."

Pẹ́ńpẹ́ ò béèrè mọ́.

Nígbà tí wọ́n pe àwọn òbí sílé ìwé, iwájú ni télọ̀ jókòó sí, ara rẹ̀ yá gágá. Tíṣà pe Pẹ́ńpẹ́ jáde, ó sì kọ ìbéèrè kan sójú pátákó: ọmọ mẹ́rìnlélógún wà nínú bọ́ọ̀sì, mẹ́sàn-án sọ̀ kalẹ̀, márùn-ún wọlé, mélòó ló wà níbẹ̀ báyìí?

Pẹ́ńpẹ́ di ẹfun mú, ó wo pátákó títí, ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀. Ó ń retí kó nawọ́, bó ṣe máa ń ṣe nílé. Nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, ó ro gbogbo nọ́ńbà náà pọ̀, ó kọ méjìdínlógójì. Bàbá kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Télọ̀ ń wá ibi tí ilẹ̀ á ti lanu kó kó sí i.

Nígbà tí èèyàn túká, ó lọ bá tíṣà.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Èmi lẹ ti ń yìn látọjọ́ yìí."

Tíṣà mí kanlẹ̀. "Mo ti ń fura, Màmá Pẹ́ńpẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa fẹnu ara rẹ̀ ro ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìbéèrè kó tó fọwọ́ kan nọ́ńbà. Kẹ́ ẹ sì ní sùúrù."

Lójú ọ̀nà, Pẹ́ńpẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dójú tì yín."

Ọ̀rọ̀ náà gún un ju abẹ́rẹ́ lọ. "Èmi ni mo dójú tì ọ́, ọmọ mi."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó da bọ́tìnnì mẹ́rìnlélógún sórí tábìlì. "Àwọn èrò bọ́ọ̀sì rèé. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn?"

Pẹ́ńpẹ́ ń wò ó bí ẹni tó ń wo pàkúté. Nígbà tó yá, ó kó àwọn kan kúrò, ó ṣì í kà, ó tún un kà. Ọwọ́ ń yún télọ̀. Ó fi ìdí jókòó lé ọwọ́ náà.

"Wọ́n dín kù," ni Pẹ́ńpẹ́ wí, "ṣùgbọ́n àwọn kan tún wọlé... Ogún ni!"

Nínú ìdánwò tó tẹ̀ lé e, agbára káká ló fi gba ìdajì, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló gbà á. Inú télọ̀ dùn, àmọ́ kò dùn dénú. Títí dòní, bí nǹkan bá rú Pẹ́ńpẹ́ lójú, á kọ́kọ́ rọra wí pé, "Màámi, ṣé mo lè béèrè?" Ìyá á ní kó béèrè, ọkàn rẹ̀ á sì gbọgbẹ́ pé ọmọ bíbí inú òun ń tọrọ àyè kó tó bi òun léèrè ọ̀rọ̀.