Ìkúnlẹ̀ Àárọ̀ Lójú Ọ̀nà Ilé-Ìwé

Nígbà èwe mi, òórùn aró ló máa ń kọ́kọ́ kí mi láàárọ̀. Bí mo bá ti yọ sí ìta ilé wa ní Ìṣẹ́yìn, tí mo há síléètì mi mọ́ abíyá, òórùn kíkan láti inú ìkòkò Ìyá Rábí aláró yóò ti gba imú mi kan.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ bí ìrìn yẹn ṣe rí: yẹ̀pẹ̀ pupa tó tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ nígbà ọyẹ́, òfì àwọn awunṣọ tó ń dún kákà-kákà lọ́tùn-ún lósì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní ilé-ìwé lọ, ojú kò sì tì mí láti sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìyá mi ní òfin kan. Gbogbo àgbà tí mo bá bá lójú ọ̀nà ni mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí, kí n sì kí kálukú bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe gbà: "Àrẹdú o" fún aláró, "Àrọyè o" fún alágbẹ̀dẹ. Wọn a ní, "Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé." Kí ènìyàn kúnlẹ̀ nígbà ogún kí ó tó dé ilé-ìwé kì í ṣe eré. Mo ń pẹ́, tíṣà ń nà mí, títí ó fi ní bí mo bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun yóò yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé.

Mo wá gbọ́n àgbọ́njù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi gba ẹ̀yìn ilé, láàárín oko ọkà bàbà, níbi tí n kò ti rí ẹni kí. N kò pẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò dùn rárá. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Rábí ni mo bá lọ́dọ̀ ìyá mi, ìkòkò àgbo wà lẹ́sẹ̀ wọn.

"Alágbẹ̀dẹ ní òun náà kò rí ọ," ni Ìyá Rábí wí. "A rò pé ibà ló dá ọ dúbúlẹ̀."

Ojú tì mí débi pé mo sunkún. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ tíṣà.

Ìyá Rábí rẹ́rìn-ín. "Àyọ̀kẹ́, ṣe ni ò bá ti sọ. Láàárọ̀, máa kí wa, kí o sì máa lọ, má dúró. Bí o bá ń bọ̀ lọ́sàn-án, kúnlẹ̀ tó bí o ti fẹ́. Èmi ni n óò sọ fún àwọn yòókù."

Ìyá mi kò jiyàn. Wọ́n kàn ní kí n mu àgbo náà, nítorí pé wọ́n ti sè é. Ó korò.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń kí wọn bí mo ṣe ń rìn lọ, tí wọ́n ń dá mi lóhùn pé kí n yára. Orúkọ mi kò kúrò nínú ìwé, mo sì kàwé yọrí.

Tíṣà ni èmi náà báyìí, ní Ìbàdàn, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ń fi ọkọ̀ lọ̀ mí, mo ń kọ̀. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà lè torí aago fi ènìyàn sílẹ̀. Èmi kò lè ṣe é mọ́. Bí mo bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́, ọ̀gá wa, tí kò ju ọmọ mi lọ, a máa wo aago, a tún wò mí. Èmi a sì bi í pé, "Ọ̀gá, ènìyàn mélòó lẹ ti kí láàárọ̀ yìí?"