Wákàtí Kan fún Gbì-gbì

Ọ̀rẹ́ mi tí à ń pè ní Gbì-gbì, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló ń lọ̀. Èmi ni mo ń ká a lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti tó ọdún méjìlélógún báyìí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Orin tó fẹ́ràn nìkan ni kò jẹ́jẹ́: orin ẹ̀rọ tó le koko, tí kò lọ́rọ̀ nínú, tí ìlù rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Nígbà èwe òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, inú ilé ìkẹ́rùsí tó ṣófo ni wọ́n ti máa ń jó o. Réèfù ni wọ́n ń pe ijó náà, Gbì-gbì ló sì máa ń fi àwo orin sí i fún wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé e sí i fún mi, mo ní kó pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà sọ fún un pé etí òsì rẹ̀ ti lọ, tọ̀tún náà sì ti ń tẹ̀ lé e. Èmi nìkan ló sọ fún. Ó ní bí àwọn ẹgbẹ́ òun bá gbọ́, wọn ò ní jẹ́ kí òun fọwọ́ kan àwo mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣètò ijó ìrántí ìgbà èwe wọn, wọ́n sì ti fún òun ní wákàtí kan láti fi àwo sí i. Ó fẹ́ gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí gbogbo rẹ̀ tó dákẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Iṣẹ́ etí ni iṣẹ́ náà. Bí àwo kan bá ń lọ lọ́wọ́, wàá mú ìlù èkejì bá tirẹ̀ mu kí o tó dà wọ́n pọ̀. Bí wọn ò bá bára mu, wọ́n á máa dún bí bàtà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Gbì-gbì wá kọ́ bí yóò ṣe máa fi ìka tẹ sípíkà kó lè mọ ìlù náà lára. Oṣù kan gbáko ló fi kọ́ ọ.

Ọ̀sán Sunday ni wọ́n fi ijó náà sí, torí orúnkún wọn ò gba àìsùn mọ́. Ìyàwó Gbì-gbì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi òwú dí etí. Ọ̀rẹ́ mi ṣe dáadáa fún ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn bàbá onírun funfun ń fò sókè, inú mi ń dùn.

Àṣé àwo kan wà tó yẹ kó yára yí ju àwọn yòókù lọ, bọ́tìnì kékeré kan la sì fi ń yí eré rẹ̀ padà. Gbì-gbì gbàgbé bọ́tìnì náà. Ó gbé ọwọ́ kúrò lára sípíkà, ó ń wá àwo tó kàn, orin sì ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àwọn oníjó dúró. Òun ò mọ̀. Mo fẹ́ sáré lọ bá a, ṣùgbọ́n mi ò mọ bọ́tìnì wo ni.

Ìyàwó rẹ̀ yọ òwú létí, ó gòkè lọ sórí pèpéle, ó tẹ bọ́tìnì náà. Orin gbéra. Gbì-gbì yíjú padà, ẹ̀rù bà á.

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

Ìyàwó rẹ̀ fẹnu sún mọ́ etí ọ̀tún rẹ̀, ó pariwo sí i. “Ogún ọdún lẹ fi ń lu orin yìí mọ́ ògiri tí mo ń sùn tì. Kí lẹ rò pé mò ń gbọ́?”

Etí tó ṣì ń gbọ́ ló yàn; ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti mọ̀ nípa etí náà, ó kàn ń wò ó níran ni. Kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ń fi ìka lu ìlù náà sí i lára títí wákàtí náà fi pé.

Nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́, Gbì-gbì gba makirofóònù.

“Etí mi ti lọ,” ó ní. “Ìyàwó mi ló ń bá mi gbọ́ ọ.”

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn pariwo pé kí wọ́n tún fi orin kan sí i. Ìyàwó rẹ̀ ló yan àwo náà.