Téèpù Bàbá Tó Ń Tún Aago Ṣe

Mi ò lè rí téèpù kí n má rántí bàbá kan, ará ilé wa, tó ń tún aago ṣe ní Vai Town, àdúgbò tí à ń gbé lẹ́yìn odi. Bó bá yọ bátìrì pẹlẹbẹ tó rí bíi bọ́tìnnì nínú aago, kì í dá a padà fún oníbàárà. Á fi téèpù wé e, á jù ú sínú agolo, á dé e pa. A máa ń bú sẹ́rìn-ín pé ó ń sin òkú bátìrì. Á ní, "Èyí tí kò lè sún ọwọ́ aago mọ́ ṣì lè jó ọ̀fun ọmọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, itọ́ dédé ń dà lẹ́nu Àbíkẹ́, ọmọ mi ọlọ́dún méjì, kò sì gba oúnjẹ. Rìmóòtù fáànù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdérí rẹ̀ ti ṣí, bátìrì pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo figbe ta, mo bu epo pupa sí ṣíbí bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé, kó lè bì í jáde. Bàbá sáré wọlé láti ìsọ̀ rẹ̀ tó kọjú sí ilé wa, ó rí rìmóòtù tó ṣófo náà, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi.

"Má jẹ́ kó bì, Ìyá Àbíkẹ́! Bó ṣe jó o lọ ni yóò tún jó o bọ̀. Ọsíbítù, kíá! Kí wọ́n fi ẹ́síréè wò ó."

Kí oòrùn tó wọ̀, dókítà ti yọ bátìrì náà lọ́fun rẹ̀. Mo bi bàbá pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ó ní, "Mo ti dá ọ̀kan padà fún oníbàárà rí."

Àbíkẹ́ ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Lánàá, bátìrì rìmóòtù kú. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Mọ́mì, téèpù dà?"