Alhaji tó fẹ́ dá ìwé ìyàwó rẹ̀ padà

Alhaji kan gbé ìwé ìtàn ìfẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ rà lọ́wọ́ mi wá sí ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́jà-Ọba lónìí, ó ní ìwé náà ti ba ìyàwó òun jẹ́.

Mo ní, "Kí ni ìwé ṣe, Alhaji?"

"Látìgbà tó ti kà á tán ló ti ń bi mí ní ìbéèrè. Lánàá, ó ní kí n dárúkọ oúnjẹ kan tóun fẹ́ràn. Mo ní túwó. Ó ní, 'Ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn túwó.' Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí di àárọ̀ yìí. Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí tó máa mú un sinmi pààrọ̀ ẹ̀."

Mo ní mi ò kì í pààrọ̀ ìwé tí wọ́n ti kà. Kí ni mo fẹ́ jẹ lérè? "Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, kẹ́ ẹ kà á. Ẹ ó ti mọ ìbéèrè tó kù kó tó bi yín."

"Èmi? Ìwé ìfẹ́?"

Mo yíjú sí oníbàárà mìíràn.

Nígbà tí mo fẹ́ tilẹ̀kùn, ó ṣì wà níbẹ̀. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Alhaja, wallahi, ọkọ inú ìwé yìí ò gbọ́n."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ọkọ, ẹ bi tiyín ní ìbéèrè oúnjẹ yẹn lálẹ́ yìí. Kí ló dáhùn?