Ẹ̀dà Tí Ẹsẹ̀ Bàbá Ràsákì Tẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mú ẹran ní itan Bàbá Ràsákì ni wọ́n ṣì ń sọ ní Bajulaiye, àdúgbò àwọn atẹ̀wé, títí dòní.

"Báwo lẹran tẹ́ ẹ fẹ́ mú ṣe tóbi tó?" ni bàbá bi Wúràolúwa, ọmọ yunifásítì tó ń ṣèwádìí nípa iṣan àwọn àgbàlagbà.

"Bíi hóró ìrẹsì kan ni, bàbá."

"Ọ̀fadà ni, àbí ti òyìnbó?"

"Ọ̀fadà, sà."

"Ó ti pọ̀ jù. Ẹ mú ààbọ̀."

Nígbà tí wọ́n mú un tán, ó ní wọn ò ní gbé e lọ láìfọwọ́ síwèé. Ó ti tẹ̀wé fún ọdún méjìlélógójì kó tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ kan ò sì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí kí oníbàárà má fọwọ́ sí i. Wúràolúwa fọwọ́ sí i. Bàbá wo ìwé náà títí. "Ìfọwọ́sí rẹ wọ́. Tún un ṣe."

Wúràolúwa ṣàlàyé fún un pé àwọn ilé agbára kéékèèké pọ̀ nínú iṣan bíi yanrìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwé ìlànà tirẹ̀. Ìwé náà kì í jáde. Ẹ̀dà rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní RNA, ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Òun fẹ́ mọ̀ bóyá eré ìdárayá ń mú kí ẹ̀dà náà pọ̀ sí i.

Bàbá dijú. Ó ṣe bí ẹni tó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ lọ́ọ̀ọ́kán. "Bajulaiye wà nínú itan mi nìyẹn." Ó lajú. "Ta ni máníjà?"

Àwọn mẹ́wàá ló wà nínú ìwádìí náà. Àwọn márùn-ún á máa rìn dé ibùdókọ̀ Ladi-Lak láràárọ̀. Àwọn márùn-ún tó kù, tí bàbá wà lára wọn, ò gbọdọ̀ fi eré ìdárayá kankan kún ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wúràolúwa kìlọ̀ fún wọn: ẹnì kan péré lè da iṣẹ́ ọdún méjì òun nù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, wọ́n mú hóró kejì. Ẹ̀dà bàbá tó ń sinmi pọ̀ ju ti gbogbo àwọn tó ń rìn lọ.

Wúràolúwa gba Bajulaiye lọ. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàbá tó fi ń gbọ́ ọ: kẹ̀rẹ́-pá, kẹ̀rẹ́-pá. Bàbá ló wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Oòrùn òwúrọ̀ ràn sí i lára, eruku bébà ń fò yí i ká bíi labalábá.

"Bàbá, mo ní kẹ́ ẹ má rìn."

"Ṣé mo rìn ni? Ojú kan ṣoṣo ni mo wà."

"Ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́." Kò gbóhùn sókè.

Ẹ̀rọ dúró. "Wúrà, o ní wọ́n ń tẹ̀wé nínú mi. Ṣé kí n wá jókòó, kí ẹ̀rọ wọn dípẹtà?"

Wúràolúwa ò dárí jì í. Ó fi ìlà pupa pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́, ó kọ ìdí rẹ̀ síwèé, ó sì gbèjà èsì àwọn mẹ́sàn-án tó kù níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n títí wọ́n fi gbà á. Bàbá ò bínú. Iye ẹ̀dà tirẹ̀ nìkan ló béèrè, Wúràolúwa sì kọ ọ́ fún un.

Bàbá sun oorun àsùn-ùn-jí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Waliyat ọmọ rẹ̀ fún Wúràolúwa ní àpòòwé kan. Káàdì kan ló wà nínú rẹ̀, tí bàbá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀: *Ràsákì. Ẹ̀dà ìkejì.* Iye tí Wúràolúwa kọ fún un wà lábẹ́ rẹ̀, pé pérépéré. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo: *Ìfọwọ́sí oníbàárà.*

Wúràolúwa wá bíìrò. Ó fọwọ́ sí i.

Ó wọ́. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí ẹnì kan ní kóun tún un ṣe.