Kòkó Ẹ̀yìn Ahéré

Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ìròyìn ní Ìbàdàn, mo máa ń wá sílé ní Adó lásìkò òjò. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbà náà ni ẹjọ́ kan ṣẹlẹ̀ nílé wa tí n kò gbé sínú ìwé ìròyìn.

Ọkùnrin Ìgbìrà kan ń dáko lórí ilẹ̀ wa, lójú ọ̀nà Ìgèdè. Bàbá mi ló gbà á. Àdéhùn wọn kò le: kó gbin iṣu àti àgbàdo, kó máa mú iṣu ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún, kó má gbin kòkó. Iṣu kì í pẹ́ lóko, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbin kòkó, àtòun àtọmọ rẹ̀ ni yóò máa ká a, wọn á sì pe ilẹ̀ ní tiwọn.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò bàbá mi fi ìbínú ti oko dé. Ó ní kòkó wà lẹ́yìn ahéré àlejò wa, ó ti ga dé orúnkún, ọkùnrin náà sì ṣọgbà yí i ká.

"Kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́!"

Iṣu ọkùnrin náà ṣì wà nínú ebè, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú wọn dé bá a. Bí wọ́n bá lé e, ọwọ́ òfo ni wọn yóò fi lọ. Bàbá mi ránṣẹ́ pè é. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo gbìn ín?"

"Rárá, Bàbá. Nígbà tí mo bá yín fọ́ kòkó, mo mú díẹ̀ lọ sí ahéré. Mo lá a, mo tu kóró rẹ̀ dànù. Òjò ló ṣe èyí tó kù."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ta ni kò lá kòkó rí nínú wa?

Àbúrò bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ẹnu rẹ ló gbìn ín. Òjò náà ló ṣọgbà fún un?"

"Èmi ni. Ó yẹ kí n fà á tu, tàbí kí n wá sọ fún yín. Ó wù mí, mi ò lè fà á tu. Mo ṣẹ̀ yín."

Ìyá bàbá mi dá sí i láti ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí àbúrò bàbá mi. "Ìwọ náà ṣe àlejò ní Ifẹ̀ rí. Ṣé o pa òfin wọn mọ́?"

"Mo pa á mọ́, Ìyá!"

"Irọ́ ni. Wọ́n lé ọ wá sí ulé ni."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́ ọ pé àlejò gbọ́dọ̀ pa òfin mọ́," ó fèsì.

"Òótọ́ lo sọ," ni bàbá mi wí. Ó yíjú sí àlejò. "Ohun tó bá hù lórí ilẹ̀ wa, tiwa ni. Hú wọn tọwọ́ tẹ̀sọ̀, kí o lọ gbìn wọ́n sí oko kòkó mi lójú àbúrò mi. Lẹ́yìn ìyẹn, máa bá iṣu rẹ lọ."

Mo tẹ̀ lé wọn lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ti ru ẹrù sórí, kò dá a lójú pé wọn kò ní lé wọn. Ọkùnrin náà hú àwọn igi náà tòun ti erùpẹ̀ ìdí wọn, ó gbìn wọ́n sí oko bàbá mi, ó tẹ ìdí wọn mọ́lẹ̀. Àbúrò bàbá mi fọwọ́ mi ewé ọ̀kan wò.

"Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ìwọ lo máa fi imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n o," ó ní. "Mi ò ní bá ọ ṣe é."

Ọkùnrin náà yíjú sí ojú ọ̀nà, ó ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó sọ ẹrù kalẹ̀.