Ìṣákọ́lẹ̀ Níwájú Fọ́tò

"Kútọnu ni," bàbá tí mo kọ́kọ́ bi léèrè dá mi lóhùn. Fọ́tò mọ́ṣáláṣí kan tí wọ́n fi kọ́ sára okùn ló ń wò. Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí yẹn gan-an ni mo gbé mọ́tò mi sí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo wo ojú bàbá. Kò rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ìgbà tí wọ́n ń fẹ márosẹ̀ Lekki sí Epe lójú ni. Ẹgbẹ́ kan wà nítòsí ọ̀nà Addo nígbà náà tó ń kó ohun àtijọ́ agbègbè Ajah jọ. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ní àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi tó ti kán, wọ́n ní ìgèrè tí wọ́n fi ń pẹja, wọ́n ní ìkòkò tí àwọn ìyá àgbà fi ń se omi òkun di iyọ̀. Fọ́tò ló pọ̀ jù. Alága wọn, ọ̀gá iléèwé tẹ́lẹ̀, pe gbogbo ìlú pé kí wọ́n wá wo àwọn ẹrù náà ní gbọ̀ngàn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wọ́n: ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò kan, kó sọ ọ́, kí ẹgbẹ́ lè kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá iléèwé kò mọ bí ohun tó ń bèèrè ṣe tóbi tó. Ní Ajah ìgbà yẹn, bí o bá sọ ibi tí ilé kan wà, o ti sọ ẹni tó nilẹ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Bí o bá sì sọ ẹni tó nilẹ̀, ilé ẹjọ́ lè ránṣẹ́ pè ọ́ lọ́la. Ìdí nìyẹn tí gbogbo gbọ̀ngàn fi kún fún ènìyàn, síbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ ibì kankan. Ẹnì kan ní Badagry ni. Ẹnì kan ní Gánà ni. Obìnrin kan wo fọ́tò ilé ọkọ ara rẹ̀, ó ní, "Ó jọ ibi tí mo rí nínú fíìmù."

Èmi náà kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Olóòtú wa ní kí n lọ kọ ìròyìn dídùn kan nípa ìtàn, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju kí n gbà pé àwọn ènìyàn kàn ṣàdédé ń kó ìtàn jọ. Ta ló sanwó gbọ̀ngàn? Ta ló ra mínírà tí wọ́n ń pín? Ọkùnrin kan tó so táì ń fi fóònù ya àwọn fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní láti Oniru lòun ti wá. Mo bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

"Mo fẹ́ràn ìtàn ni," ló wí.

Ta ló ń so táì lọ́jọ́ Sátidé nítorí ìtàn?

Nígbà tó yá, ìyá àgbàlagbà kan wọlé nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, bí àwọn ìjọ aláṣọ funfun ti máa ń ṣe. Ó ń wo àwọn fọ́tò lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró níwájú ọ̀kan. Kànga kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ẹnu rẹ̀, pẹ̀lú igi àgbọn méjì àti ilé onímọ̀-ọ̀pẹ kan. Obìnrin kan yọjú láti ẹnu ọ̀nà ilé náà, bí ẹni pé ẹni tó ń ya fọ́tò kò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá mi nìyẹn," ni ìyá náà wí. Èmi ló wà nítòsí, nítorí náà èmi ló sọ fún.

Ó ní ọmọ Ìlàjẹ ni ìyá òun, àtìpó tó wá dáko àgbọn sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ọmọdébìnrin lòun nígbà tó kú. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà. Àwọn ẹbí bàbá òun fi ọkọ̀ ojú omi gbé òun lọ sí Epe. Nígbà tí òun fi máa padà, ọ̀nà ti gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, ilé ti wó, kò sì sí ohun tí òun lè dá mọ̀ mọ́. Eleko ló ń gbé báyìí, ẹja yíyan ló ń tà.

"Wọ́n ní katapílà tí ń fẹ ọ̀nà ti sún mọ́ Ajah," ló wí. "Mo fẹ́ kó egungun ìyá mi kó tó dé ibẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo fẹ́."

Ó mú fọ́tò náà lọ bá bàbá tó sọ pé Kútọnu. Fìlà pupa ló dé, òun sì ni olórí ọ̀kan nínú àwọn ìdílé onílẹ̀ méjì tó wà ní gbọ̀ngàn.

"Kútọnu ni ìyẹn náà," Bàbá Onífìlà wí.

"Gbogbo ẹ̀ náà ni Kútọnu, Bàbá?" mo bi í.

"Kútọnu tóbi."

Ìyá mú un lọ bá olórí ìdílé kejì. Gíláàsì ló wà lójú tirẹ̀. Ó yọ ọ́ kó tó wo fọ́tò náà. "Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, Ìyá."

"Ẹ fi gíláàsì yín sójú, sà."

"Ó dáa báyìí."

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá aládùúrà, ta ló rán yín? Àbí ìran ni wọ́n rí sí yín?" Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Alága gbá tábìlì, ó ń sọ pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Mo bá ìyá jáde síta. Mo rò pé ó máa sunkún. Kò sunkún.

"Wọ́n mọ ibẹ̀," ló wí. "Ẹni tí kò bá mọ ibì kan á bi mí léèrè nípa rẹ̀. Ta ni ìyá yín? Kí lorúkọ rẹ̀? Àwọn yìí ò bèèrè nǹkan kan."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi náà ń fura sí i. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wá wá sàréè ìyá wọn, tó sì jẹ́ pé pẹ̀lú lọ́yà ni wọ́n padà wá lẹ́yìn náà. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo sì pinnu pé èmi náà máa padà wá, kí n wo ohun tó máa gbé wá.

Apẹ̀rẹ̀ ló gbé wá. Àgbọn ló kún inú rẹ̀, ó sì to ẹja yíyan ńláńlá lé e lórí. Ó la àárín èrò kọjá, kò kí ẹnikẹ́ni lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀ síwájú fọ́tò kànga, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà," ló wí. "Àtìpó ni ìyá mi. Ọdọọdún ló ń gbé àgbọn àti ẹja fún onílẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ọdún tó kú, kò rí i gbé. Mo gbé e wá fún un. Kí onílẹ̀ ibi tó wà nínú fọ́tò yìí jọ̀wọ́ bọ́ síwájú, kó wá gbà á."

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tí ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá gbé e sílẹ̀ ti gbà pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Ẹni tó bá gbà á ti sọ pé tòun ni. Ẹni tó bá sì jókòó, tó ń wo ẹlòmíràn tó ń gbà á, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé.

Bàbá Onífìlà wo Bàbá Onígíláàsì. Bàbá Onígíláàsì wo òkè àjà.

Ìyá tún sọ̀rọ̀. "Bí kò bá sí onílẹ̀ níhìn-ín, a jẹ́ pé ilẹ̀ náà kò lẹ́ni tó ni ín nìyẹn. Oníròyìn wà níbẹ̀ yẹn." Ó nawọ́ sí mi. "Kó kọ ọ́ pé mo gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá, kò sì sẹ́ni tó pe ilẹ̀ ní tirẹ̀."

Mo ṣí bírò mi. Mo jẹ́ kí wọ́n rí i pé mo ṣí i.

"Gbé e síbí, Ìyá," Bàbá Onífìlà wí.

Bàbá Onígíláàsì ti dìde. "Síbo? Kí ló kàn yín nínú ẹ̀? Ẹnu kànga yẹn ni ààlà wa! Ìdí àgbọn lẹ̀yin ní, ilé obìnrin yẹn wà lọ́dọ̀ tiwa!"

"Ẹ ò ríran lọ́sẹ̀ tó kọjá!"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ní Kútọnu ni!"

Ẹ̀rín tó sọ ní gbọ̀ngàn yẹn, mo gbà pé wọ́n gbọ́ ọ lójú títì. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá méjèèjì kò rẹ́rìn-ín. Bàbá Onífìlà kọ́kọ́ na ọ̀pá sí ọkùnrin onítáì. "Ẹ jẹ́ kí eléyìí jáde ná."

"Èmi? Mo wá wo fọ́tò ni, sà."

"O ti wò ó. Máa lọ."

Lẹ́yìn tó jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ibi tí kànga wà sí ojú ọ̀nà, ilé ta ni wọ́n kọ́ tì í, ọdún wo ni igi àgbọn kejì wó, ta ló di kànga pa. Ohun tí wọ́n fi pa mọ́ fún ìyá lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń fi pariwo mọ́ ara wọn báyìí. Ìyá kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń gbọ́.

Alága ló parí ìjà. Ó ní kí ìdílé méjèèjì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n pín àgbọn bákan náà, wọ́n gé ẹja kọ̀ọ̀kan láàárín. Àgbọn kan ṣẹ́kù. Kò sẹ́ni tó gbà kí ẹnì kejì mú un, ni alága bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò iyọ̀, ó ní ó ti di ti ẹgbẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ òfin fún ìyá. Kò gbọdọ̀ gbin nǹkan kan síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi òkúta tàbí àgbélébùú sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ́ ilẹ̀, kó dí i padà lójú wọn. Ó ní, "Mo ti gbọ́, ẹ ṣeun."

Nígbà tí a dé ibi kànga náà, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Ọ̀ṣun tó wá ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́. Wọ́n rí àgbà méjì, ìyá aláṣọ funfun kan àti oníròyìn, ọ̀gá wọn sì fi ṣọ́bìrì dí ọ̀nà. "Ẹ̀yin àgbà, a ti sanwó ibí yìí o. Ìdílé wo lẹ tún ti wá?"

"Kì í ṣe ilẹ̀ ni mo wá gbà, ọmọ mi," ìyá wí. "Ìyá mi ló sùn sábẹ́ búlọ́ọ̀kù yín."

Ọkùnrin náà gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀, ó pe àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó búlọ́ọ̀kù kúrò. Etí sìmẹ́ńtì kànga yọ nínú iyanrìn. Ìyá fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ibẹ̀ síbi tí ẹnu ọ̀nà wà nínú fọ́tò, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Ohun tí wọ́n rí kò pọ̀. Ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o sínú rẹ̀, ó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kí ó tó dì í, Bàbá Onígíláàsì bẹ̀rẹ̀, ó yẹ inú aṣọ náà wò. Ìyá jẹ́ kó wò ó.

Ó dí ihò náà padà, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Mo bá a rìn dé ojú títì. Mo bi í ní ohun tó wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́, bóyá lóòótọ́ ni kò fẹ́ ilẹ̀ náà.

"Ìwọ náà!" ló wí. "Ta ló fẹ́ kọ́lé sábẹ́ katapílà?" Ó wọ ọkọ̀ Eleko, ó gbé ìdì funfun náà lé itan.

Nígbà tí mo wẹ̀yìn, àwọn bàbá méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti jókòó lórí búlọ́ọ̀kù tirẹ̀, ọ̀kan ní ìhà ìhín kànga, ìkejì ní ìhà ọ̀hún. Ọ̀kan kò fẹ́ lọ kí èkejì tó lọ. Wọ́n ti bẹ̀ mí pé kí n má kọ ibẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, mi ò sì kọ ọ́. Ọ̀nà ti gba orí rẹ̀ kọjá báyìí, ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.